Ọ̀pá Tó Ń Tẹ̀ fún Ẹja

Ọkùnrin kan wà tí ó máa ń sọ pé ohun tí òun bá ti dì mú, kò sí bí ó ṣe lè bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́. Ó ń sọ ọ́ níbi iṣẹ́, ó ń sọ ọ́ nílé. Ìyàwó rẹ̀ gbọ́ ọ títí, ó kó aṣọ díẹ̀, ó mú ọmọ wọn dání, ó lọ sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tí ń gbé létí adágún kan.

Ọkọ náà kò lù ú rí. Àmọ́ bí wọ́n bá ní èdè-àìyedè, tí obìnrin náà bá ti ní, "Mo ti gbọ́, ẹ má bínú," ìgbà náà gan-an ni ọkọ yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ fa àga mọ́ra, tí yóò tún ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ láti òkè.

Ó lọ bẹ̀ ẹ́ ní ọjọ́ Sátidé kan. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀. Báńkì ni ẹ̀gbọ́n yìí ti ń ṣiṣẹ́, ẹja pípa sì ni fàájì rẹ̀. Ó ní, "Ẹ dìde, Bàbá Ìbídùn. Omi ni mò ń lọ báyìí. Ẹ jẹ́ ká jọ lọ, ọ̀rọ̀ yẹn ò ní sá."

Ọ̀pá ìpẹja mẹ́ta fẹ̀yìn ti ògiri ní fàráńdà. Fáíbà gíláàsì nìkan ni wọ́n fi ṣe àkọ́kọ́: ó wúwo, ó sì ń tẹ̀ láti orí dé ìdí, bí ẹni tí wọ́n jí nígbà tí oorun kò tíì dá lójú rẹ̀. Kábọ́ọ̀nù nìkan ni wọ́n fi ṣe èkejì: ó fúyẹ́, ó le gan-an, bí ewé bá kan okùn rẹ̀ nínú omi, ọrùn ọwọ́ rẹ yóò mọ̀. Ẹ̀kẹta ni wọ́n po méjèèjì pọ̀ ṣe, ẹni tó sì ronú rẹ̀ gbọ́n, mo gbóríyìn fún un. Láti ìdí dé àárín, kò gba gbẹ̀rẹ́. Láti àárín dé orí, ó ń gbọ́ tẹni kejì.

Ẹ̀gbọ́n so ẹja kékeré onírọ́bà mọ́ okùn, ìwọ̀ wẹ́wẹ́ rọ̀ sábẹ́ ikùn rẹ̀. Ó ní, "Irú èyí ni ẹja ẹlẹ́nu fífẹ̀ inú adágún yìí máa ń gbé mì. Awọ ẹnu rẹ̀ fẹ́lẹ́. Ẹ mú ọ̀pá tí wọ́n pò yẹn, mo tún ní irú rẹ̀ nínú ilé."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa lo ìyẹn. Èyí tó le yìí ni tèmi. Kí ni mo fẹ́ fi ọ̀pá tó ń tẹríba fún ẹja ṣe?"

"Ẹ sáà mọ òfin ilé wa. Ẹni tí ẹja bá bọ́ mọ́ lọ́wọ́ létí omi, òun ló máa họ ìpẹ́ tàwọn yòókù."

"Ẹ ní kí Ìyá Ìbídùn gbé omi kaná. Ẹja tí màá fi bẹ̀ ẹ́ ń bọ̀. Bí mi ò bá mú un dé, mi ò ní dárúkọ ilé fún un lónìí."

Wọ́n dé etí omi. Ẹja gbé ti ẹ̀gbọ́n. Orí ọ̀pá rẹ̀ tẹ̀. Bí ẹja bá gbọn orí, yóò tẹ̀ sí i, bí ẹja bá sinmi, yóò dìde díẹ̀. Okùn kò dẹ̀ rí, kò sì le kọjá bó ṣe yẹ. Ó dùn ún wò. Ẹja náà bá a dé inú àwọ̀n ọwọ́.

Láìpẹ́, ẹja tó tóbi jùyẹn lọ gbé ti ọkọ. Ó fà, ó fà. Ẹja jà títí ó fi rẹ̀ ẹ́, ó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lójú omi, ó ń tẹ̀ lé okùn bọ̀.

Ẹ̀gbọ́n ní, "Ẹ rọra. Ó ti ń bọ̀."

Ọkùnrin náà tún fi agbára fà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹja gbọn orí, ọ̀pá kò tẹ̀, awọ ẹnu ya. Ẹja onírọ́bà fò padà, ó kọ́ fìlà rẹ̀ lórí. Ẹja gidi dúró níbẹ̀ díẹ̀, bí ẹni tí kò gbàgbọ́, kó tó wọ ìsàlẹ̀ omi lọ.

Ẹ̀gbọ́n bá a tú ìwọ̀ kúrò lára fìlà. Ó ní, "Ọ̀pá yín dára o. Ṣùgbọ́n ẹja yẹn ti gbà."

Ìwọ tí o wá bá mi láàárọ̀ yìí, tí o ní kí n bá ọ pe ìyàwó rẹ kí n bá a wí, mo bi ọ́ léèrè ohun tó sọ kẹ́yìn. O ní ó ní òun ti gbọ́. Kí lo wá tún ń fà? Di ìdí ọ̀rọ̀ rẹ mú, n kò ní kí o jù ú nù. Àmọ́ jẹ́ kí orí rẹ̀ tẹ̀. Ẹni tó ti ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ, má fa ẹnu rẹ̀ ya.

Ọkùnrin yẹn jókòó sẹ́yìn ilé àna rẹ̀, ó ń họ ìpẹ́ ẹja ẹlẹ́ja. Ìyàwó rẹ̀ gbé omi iyọ̀ wá, ó ní, "Ẹ rọra, ẹ má ba awọ ẹ̀ jẹ́."

Ó ní, "Mo ti gbọ́."

Kò fi nǹkan kan kún un, kò sì dárúkọ ilé. Nígbà tó họ ọ́ tán, ó fọ ọwọ́, ó kí wọn, òun nìkan ló sì wọ ọkọ̀ padà sílé, ìpẹ́ ẹja lẹ̀ mọ́ ọn lápá.