Ta Ló Ń Pa Ata Sàlámọ́tù?

Ewúrẹ́ àdúgbò ló mú kí Sàlámọ́tù gbin ata rodo sínú ike ńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé pálọ̀. Òjò àkọ́rọ̀ tí yóò fi kó wọn lọ sóko kù sí dẹ̀dẹ̀, Sàlámọ́tù ò sì ní irúgbìn mìíràn, àmọ́ ewé ọmọ ata ń pọ́n, wọ́n ń já bọ́. Ó yẹ abẹ́ ewé wò, kò rí kòkòrò kankan.

"Ohun tó ń pa ata mi, màá mú un lónìí!"

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó bu omi tí yóò fi wọ́n ata sínú ife, ó sì fara pamọ́ sẹ́yìn kọ́tìnnì. Ìyá ọkọ rẹ̀ wọlé, ó da omi àlùwàlá tó kù nínú búta sídìí ata.

"Ẹ mu ún, ẹ̀yin ọmọ mi."

Kò pẹ́, ọkọ Sàlámọ́tù náà bu omi dé. "Ẹ tètè mu ún, kí ìyàwó mi má sọ pé n ò ṣèrànwọ́."

Sàlámọ́tù fò jáde. "Háà! Màmá, ẹ̀yin àti ọmọ yín lẹ ń fi omi pa ata mi!"

Màmá wò ó láti òkè délẹ̀. "Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ìyàwó mi, kí ló wà nínú ife ọwọ́ rẹ?"

Sàlámọ́tù wo ife náà. Ó da omi rẹ̀ síta láti ojú fèrèsé, ó ki ìṣó bọ iná, ó sì fi lu ihò sí ìdí ike kí omi tó pọ̀ jù lè jò dànù.

"Títí erùpẹ̀ rẹ̀ yóò fi gbẹ, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fún un lómi," ó ní. "Èmi gan-an ni kí ẹ kọ́kọ́ máa ṣọ́."