Igi Tó Wó sí Odò Ẹlẹ́rẹ̀

"Igi ní í pe ẹja wálé" ni wọ́n máa ń wí ní ìlú Arímọ̀. Àlejò tó bá gbọ́ ọ á gbórí sókè: igi tí kò lẹ́nu, ẹja tí a ò rí etí rẹ̀, báwo ni ìpè ọ̀hún ṣe ń jẹ́? Ọ̀rọ̀ náà kò ṣẹ̀yìn Ògúnṣeyè agégẹdú.

Ògúnṣeyè gé igi etí odò Ẹlẹ́rẹ̀ títí ó fi dolówó. Igi arère kan ṣoṣo ló dá sí, kì í sì í ṣe nítorí àánú: abẹ́ ibòòji rẹ̀ ló ń gbé àga sí, kí àwọn apọnmi lè ráyè kúnlẹ̀ kí i. Oyè Baálẹ̀ nìkan ló kù tó ń wù ú. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò jẹ Baálẹ̀ Arímọ̀ gbọ́dọ̀ fi ẹja àrọ̀ inú Ẹlẹ́rẹ̀ se ọbẹ̀ fún ìlú, àrọ̀ ò sì sí mọ́. Tẹ́lẹ̀ rí, bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, wọn a gòkè láti inú odò ńlá wá yé ẹyin. Láti ìgbà tí igi ti tán, oòrùn ń se omi, ẹrẹ̀ ń ya wọ̀ ọ́. Ẹja á dé ẹnu odò, á ṣẹ́rí padà.

"Ìdọ̀tí ló lé wọn," ni Ògúnṣeyè wí. Ló bá kó èèyàn jọ, wọ́n fa gbogbo kùkùté àti ẹ̀ka jíjẹrà jáde, wọ́n ro etí odò mọ́ tónítóní bí ojúde ọba.

Àyìnkẹ́ ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Baálé mi, ta ló ń bímọ sáàárín ọjà?"

"Obìnrin, kí lo mọ̀ nípa odò?"

"Èmi ò mọ nǹkan kan o. Mo kàn ti bímọ rí ni."

Ẹja ò wá. Ìjì ló wá, ó wó arère Ògúnṣeyè dábùú odò. Ọkùnrin náà fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. "Ẹ pe àwọn aláyùn, kí wọ́n gé e kúrò!"

"Aláyùn dà?" ni Àyìnkẹ́ bi í. "Ẹ gé igi tán, àwọn náà bá igi lọ."

Bí igi ṣe wà níbẹ̀ nìyẹn. Ògúnṣeyè ò yọjú sódò mọ́. Ta ni yóò jókòó sínú oòrùn gba ìkíni? Ewé rọ́ jọ sídìí igi, omi gbẹ́ kòtò tútù sábẹ́ rẹ̀, igbó ń padà bọ̀ létí omi. Ọdún ń gorí ọdún. Ní àkọ́rọ̀ kan, Àyìnkẹ́ sáré dé láìpọnmi.

"Baálé mi, ẹ wá wo àlejò yín!"

Àrọ̀ ń ṣù bo ara wọn lábẹ́ igi. Ògúnṣeyè kó sómi tagbádá-tagbádá, ó gbá ọ̀kan mú: ẹyin kún ikùn rẹ̀ dẹ́múdẹ́mú. Oyè ló dì mọ́wọ́ yẹn, tó ń jà pìtìpìtì.

"Ẹ máa kó wọn," ni Àyìnkẹ́ wí. "Ẹ ó jẹ Baálẹ̀ lónìí. Baálẹ̀ odò tó ṣófo."

Ògúnṣeyè wo ẹja, ó wo èrò tó ti pé jọ sétí omi. Kò sẹ́ni tó wojú rẹ̀. Ẹja ni gbogbo wọn tẹjú mọ́. Ó mí kanlẹ̀, ó sì jù ú sílẹ̀ sínú omi.

Ó jáde, omi ń ro tótó lára rẹ̀, ó tún fìlà ṣe. "Ẹ ò rí i? Torí èyí ni mo ṣe dá igi náà sí!"

Ẹ̀rín sọ. Ìgbà tí àwọn ọmọ ẹja dàgbà ló tó se ọbẹ̀, tó jẹ Baálẹ̀, tó sì ṣòfin pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fa igi tó bá wó sódò jáde. Ó ń ròyìn ọgbọ́n rẹ̀ fún gbogbo àlejò. Àyìnkẹ́ á kàn wúkọ́.

Nítorí náà, ẹni tó gbá gbogbo ohun tó ń dí i lójú kúrò lọ́ọ̀dẹ̀, kó má bi wá pé kí ló dé tí ire ń ṣẹ́rí padà lẹ́nu ọ̀nà òun. Igi ní í pe ẹja wálé.