Àlọ́ Tí Àwẹ̀ró Fi Ránṣẹ́

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ẹ ò tíì jẹun ni? Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ẹ̀n-ẹ́n, ó dáa bẹ́ẹ̀. Àlọ́ mi ṣí gbàgà, kò balẹ̀ síbòmíràn bí kò ṣe orí ìyá arúgbó kan tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró, àti Odídẹrẹ́, àti Rédíò, àti Fóònù.

Àwẹ̀ró ló mọ àlọ́ pa jù ní ìlú rẹ̀. Bó bá ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà, àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ á pé yí i ká. Ṣùgbọ́n ó ní èèwọ̀ kan. Bó bá pe "Àlọ́ o", tí ẹnikẹ́ni ò dáhùn, kò ní fi ọ̀rọ̀ kan kún un. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ.

Ìgbà tó yá, àwọn ọmọ bá òbí wọn lọ sí ìlú ńlá. Àwẹ̀ró pe àlọ́, adìẹ nìkan ló gbójú sókè wò ó. Àlọ́ tí a kò dáhùn, ṣé ẹ mọ̀, kì í dúró. Àwọn àlọ́ Àwẹ̀ró bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò nínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ti Ẹkùn lọ. Ti Ìgbín lọ. Ó wá ku ẹyọ kan péré, ti Ẹfọ̀n tó sunkún, ẹ̀rù sì ba Àwẹ̀ró gidigidi.

Ó bẹ Odídẹrẹ́, tó ti gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀, pé kó bá òun gbé e lọ fún àwọn ọmọ. Odídẹrẹ́ pa àlọ́ náà láìfi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀. Ọmọ kan bi í pé kí ló pa Ẹfọ̀n lẹ́kún. Odídẹrẹ́ padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n tún bi í, ó tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Oorun gbé wọn lọ.

Ó bẹ Rédíò pé kó gbà á lẹ́nu Odídẹrẹ́. Ohùn Rédíò dùn, ẹ má parọ́ mọ́ ọn. Ó pa á dórí orin, àwọn ọmọ la ẹnu pé kí wọ́n gbè é, Rédíò ti kọjá. Wọ́n bá dìde lọ gbá bọ́ọ̀lù.

Ìgbà kẹta, Fóònù dé. Ó ní kí ìyá ṣá sọ̀rọ̀ sí òun létí.

"Àlọ́ o!"

Àwẹ̀ró dúró de ìdáhùn. Fóònù ní kó máa wí lọ. Ìyá ní òun ò ní wí nǹkan kan, ta ló dáhùn? Fóònù ṣàlàyé pé àwọn ọmọ jìnnà, wọn ò tíì gbọ́.

"Nígbà náà, lọ pè wọ́n."

Ẹ ò rí agídí ìyá yìí bí? Mo fẹ́ràn rẹ̀. Fóònù gbé ìpè kan ṣoṣo náà lọ, pẹ̀lú ìdákẹ́jẹ́ tó tẹ̀ lé e.

Àwọn ọmọ gbọ́ ìpè. Wọ́n gbọ́ bí ìyá àgbà ṣe ń mí, tó ń retí wọn. Ẹnikẹ́ni ò rán wọn létí, gbogbo wọn ké mọ́ Fóònù pé, "Àlọ̀!"

Fóònù sáré gbé e padà. Omi bọ́ lójú Àwẹ̀ró. Ó sọ díẹ̀, ó tún dúró. Wọ́n bi í nípa Ẹfọ̀n, ó dá wọn lóhùn. Wọ́n gbe orin. Ọjọ́ méje gbáko ni àlọ́ kan náà gbà. Kó tó parí, ti Ìgbín ti padà, ti Ẹkùn náà ti dé.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé títí dòní, bí apàlọ́ bá pe àlọ́ nínú ẹ̀rọ, á dákẹ́ díẹ̀. Ìdí nìyí tí àgbàlagbà tó dá wà nínú yàrá, tó mọ̀ dájú pé ẹ̀rọ ò létí, á fi dáhùn "Àlọ̀" kó tó mọ̀ pé òun ti la ẹnu.

Ibẹ̀ ni àlọ́ mi fìdí lé. Bí mo bá parọ́, kí n pe àlọ́, kí ẹnikẹ́ni má dá mi lóhùn.