Fọ́tò Ọlọ́dún Mẹ́ta

Ọkùnrin kan wà ní ìlú tí mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ olùkọ́. Olùkọ́ ni òun náà. Kì í mutí, kò sì jẹ́ kí ebi pa ilé rẹ̀ rí. Ó bí ọmọ mẹ́ta: obìnrin ọmọ ọdún méje, ọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́rin, àti obìnrin kékeré kan tí kò tíì pé ọdún méjì. Bí wọ́n bá ti gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, gbogbo wọn á dákẹ́. Ó rò pé ọ̀wọ̀ ni wọ́n ń bù fún òun.

Ó wá ríṣẹ́ sí òkè òkun. Ọdún mẹ́ta ni iṣẹ́ náà, kò sì lè mú ìyàwó àti ọmọ dání. Nígbà tí ìrìn àjò ku ọ̀sẹ̀ méjì, ó ní òun fẹ́ fọ́tò kan tí òun á máa fi rí wọn. Ó lọ bá obìnrin kan tó máa ń ya fọ́tò fún àwọn ọlọ́mọ wẹ́wẹ́ ní gbangba, létí odò, lábẹ́ igi.

Obìnrin náà bi í pé, "Ìgbà wo ni ọmọ kékeré máa ń sùn lọ́sàn-án, sà? Eré wo ni wọ́n fẹ́ràn?"

Ọkùnrin náà ronú títí. "Ìyá wọn ló mọ ìyẹn."

Obìnrin náà ní kí wọ́n wá ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti sùn jí, tí wọ́n sì ti jẹun. Ó ní kí wọ́n wọ aṣọ tó rọ̀ wọ́n lọ́rùn, kí wọ́n mú bọ́ọ̀lù wọn dání, kí wọ́n má sì kánjú. Ọkùnrin náà ní òun ti gbọ́. Ṣùgbọ́n nínú ọkàn rẹ̀, ó ní fọ́tò kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, bí wọ́n ṣe jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó kó ìyàwó àti àwọn ọmọ lọ bá obìnrin náà létí odò tààrà. Oòrùn mú gan-an. Ó ti ra bàtà tuntun fún wọn, tọmọkùnrin náà sì ń há a lẹ́sẹ̀. Ó tò wọ́n sábẹ́ igi kajú kan bí ẹni ń to ọmọ ilé ìwé.

"Ẹ nàró. Ẹ rẹ́rìn-ín."

Ọmọ kékeré ń sunkún oorun. Ọmọkùnrin ń gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ó ń gbé ìkejì. Bàbá rẹ̀ jágbe mọ́ ọn: "Mo ní kí o rẹ́rìn-ín!"

Ọmọ náà gbìyànjú. Ó la ẹnu, eyín rẹ̀ hàn, omi sì ń ṣàn lójú rẹ̀. Kò pẹ́ tó fi tọ̀ sára.

Obìnrin náà sọ kámẹ́rà rẹ̀ kalẹ̀. "Ẹ má bínú, sà. Mi ò lè ya eléyìí."

Ojú bàbá náà pọ́n. Ìyàwó rẹ̀ kò ta kò ó níta rí. Lọ́jọ́ yẹn, ó sún mọ́ ọn, ó sì rọra sọ pé, "Bàbá Ìbídùn, ọdún mẹ́ta lẹ ó fi máa wo fọ́tò yìí. Ṣé ojú tó ń bẹ̀rù yín yìí lẹ fẹ́ máa rí?"

Ọkùnrin náà wo ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà ń fi etí aṣọ nu ẹsẹ̀, eyín rẹ̀ sì wà níta síbẹ̀, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò tíì ní kó pa ẹnu dé.

Bàbá náà kúnlẹ̀, ó bọ́ bàtà náà fún un. Wọ́n lọ sílé.

Nígbà tí ìrìn àjò ku ọjọ́ mẹ́rin, wọ́n padà wá ní ìrọ̀lẹ́. Àwọn ọmọ ti sùn jí, wọ́n sì ti yó. Obìnrin náà ní, "Ẹ máa bá wọn ṣeré, sà. Ẹ ṣe bí ẹni pé mi ò sí níbí."

Ọkùnrin náà dúró, ó káwọ́ sẹ́yìn. Kò mọ ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, ojú sì ń tì í. Ọmọkùnrin dúró lókèèrè, ó bi í pé, "Dádì, ṣé ẹ lè sáré?"

"Mo lè sáré."

"Ẹ lé mi, ẹ jẹ́ n wò ó."

Ó lé e. Kò tíì sáré jìnnà tí koríko tútù fi yọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀, ó sì ṣubú lulẹ̀ gbì. Àwọn ọmọ dúró gbagidi. Èyí àgbà fa àbúrò rẹ̀ sẹ́yìn. Gbogbo wọn ń wo ojú rẹ̀ láti mọ ohun tó máa ṣe. Lọ́jọ́ náà ló rí i, pé bí wọ́n ṣe máa ń wo òun nìyẹn láti ọjọ́ yìí wá.

Ó sì bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ wá gbé mi dìde o. Agbára mi ti tán."

Wọ́n wo ara wọn. Ọmọkùnrin ló kọ́kọ́ fò mọ́ ọn lẹ́yìn, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e.

Fọ́tò tó mú lọ nìyẹn. Ẹrẹ̀ wà ní ṣòkòtò rẹ̀, ọwọ́ ọmọ kékeré bò ó lójú kan, ẹnì kankan nínú wọn kò sì wo kámẹ́rà. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi, nígbà tó dé, pé ayọ̀ nìkan kọ́ ni fọ́tò náà fún òun. Àwọn ọjọ́ kan wà tó dun òun wọra. Ọdún méje ni àkọ́bí òun lò nílé kó tó gun òun lẹ́yìn, ọjọ́ mẹ́rin péré ló sì kù.

Akínlàjà, o wá bá mi láàárọ̀ yìí pé àwọn ọmọ rẹ ń sá fún ọ, o sì ní kí n bá wọn wí. Mi ò ní bá wọn wí. Ìwọ kò rin ìrìn àjò kankan. Ilé kan náà ni o ń bá wọn gbé. Bí o bá délé lónìí, má ṣe pè wọ́n wá. Ìwọ ni kí o lọ bá wọn níbi tí wọ́n wà, kí o jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kí o sì ní kí èyí tó kéré jù kọ́ ọ ní ohun tó ń ṣe. Bí ó bá kọ̀, má bínú. Tún lọ lọ́la.