Ọkùnrin Tó Gbàdúrà Kí Ọjà Rẹ̀ Má Padà

Dúró ná. Ìwọ tí ń tajà lórí fóònù, má tíì fi ìka kan nǹkan kan. Oníbàárà tó kọ̀wé sí ọ láàárọ̀ yìí pé òun fẹ́ dá ọjà padà, má tíì dá a lóhùn, má sì tíì dínà rẹ̀. Jókòó, kí o gbọ́ àkàwé yìí tán. Oore Ọlọ́run ni mo fẹ́ sọ, oore náà sì gba ẹnu ọ̀nà tí a kì í fẹ́ ṣí wọlé.

Ọkùnrin kan wà tó ń ta ọjà tòkúnbọ̀ lórí ayélujára. Kò ní ṣọ́ọ̀bù. Yàrá kan nínú ilé rẹ̀ ni ó ń kó ẹrù sí: áyọ́ọ̀nù, blẹ́ńdà, fáànù, àwọn ohun tí àwọn ará òkè òkun ti lò kù. Yóò nù wọ́n, yóò ya fọ́tò wọn láti ẹ̀gbẹ́ tó dára, yóò gbé e síta kí ayé rí i. Lábẹ́ fọ́tò kọ̀ọ̀kan ni ó máa ń kọ ọ́ sí pé, "Ọjà tí a bá tà kì í padà."

Ọkùnrin náà kì í ṣe olè. Ó bẹ̀rù Ọlọ́run, kì í pa ìpàdé jẹ, ó sì ń tọ́jú ìyá rẹ̀ tó ń dá gbé ní ìlú wọn. Ṣùgbọ́n gbólóhùn tó ń kọ sábẹ́ fọ́tò yìí ti di àdúrà lẹ́nu rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, yóò gbé ọwọ́ lé ẹrù, yóò ní, "Baba, èyí tó bá jáde lónìí, kó má padà wá bá mi." Ó rò pé ìbùkún ni ó ń tọrọ. Bí ọjà bá wá fẹ́ padà, kì í rò ó pé bóyá nǹkan ń ṣe ọjà. Ọ̀tá ni ó máa ń rò.

Ní ọjọ́ kan ó rí kẹ́tùlù oníná méjì rà, èyí tí a fi ń se omi. Wọ́n jọra bí ìbejì, irin tó ń dán ni ara wọn. Ẹnu wáyà wọn kò bá ihò ara ògiri tiwa mu, nítorí náà ó gé e, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ so òmíràn mọ́ ọn, bó ti máa ń ṣe. Ìjókòó kan náà ni ó fi so méjèèjì. Ọ̀kan, ó tà á fún obìnrin olùkọ́ kan ní ìlú mìíràn. Èkejì, ó fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀, kí èéfín igi yéé wọ̀ ọ́ lójú láràárọ̀. Ìyá súre fún un títí ohùn rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ há.

Kò pẹ́, olùkọ́ náà kọ̀wé. Ó kí i dáadáa, ó ní iná ń gbé òun bí òun bá ti fọwọ́ kan kẹ́tùlù náà, kó jọ̀ọ́ jẹ́ kí òun dá a padà. Ọkùnrin náà kà á, kò fèsì. Olùkọ́ tún kọ. Ọkùnrin náà wá dáhùn pé ó ṣáà ti rí ohun tí òun kọ sábẹ́ fọ́tò kó tó rà á. Lẹ́yìn ìyẹn ni ó dínà obìnrin náà lórí fóònù, kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ má lè dé ọ̀dọ̀ òun mọ́.

Kò dúró níbẹ̀. Ní ìpàdé àárín ọ̀sẹ̀, ó ní kí àwọn ará bá òun gbàdúrà, pé ẹnìkan ti dìde láti dá ọjà òun padà. Àwọn ará káàánú rẹ̀. Wọ́n dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n lé ọ̀tá náà padà síbi tó ti wá. Àmín wọn mi àjà ilé. Kò sí ẹnìkan nínú wọn tó bi í pé, kí ló ń ṣe ọjà náà?

Ní ìpàdé yẹn kan náà, ó tún bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n rántí ìlú ìyá òun. Tàràńsífọ́mà àdúgbò ìyá ti bàjẹ́ kí kẹ́tùlù tó dé ọwọ́ rẹ̀, iná kò sì tíì padà. Ìyá kò tíì fi ẹ̀bùn ọmọ rẹ̀ se omi rí. Àwọn ará tún gbàdúrà: kí iná padà, kíákíá.

Gbọ́ ohun tí Olúwa ṣe.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, awakọ̀ kan tó máa ń bá a gbé ẹrù lọ sí ìlú olùkọ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà ọkùnrin náà, páálí wà lábíyá rẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gá, obìnrin olùkọ́ kan ló fi èyí rán mi sí yín. Ó ní kí ẹ má ki í bọ iná o. Ó tún ní bí ẹ bá ní irú rẹ̀ mìíràn, kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ní ṣé kò ní gbé ọkọ̀ mi fò lójú ọ̀nà báyìí?" Awakọ̀ rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun kì í gba ọjà padà. Awakọ̀ ní ìyẹn kò kan òun, obìnrin náà ti san owó ọkọ̀ rẹ̀. Ó gbé páálí sílẹ̀, ó sì lọ.

Ìbínú ni ọkùnrin náà fi ṣí páálí. Ó tú ẹnu wáyà náà, kó lè fi hàn pé irọ́ ni obìnrin náà ń pa. Inú ibẹ̀ ni ó ti rí iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Wáyà tí ó yẹ kó darí iná lọ sílẹ̀, òun ni ó ti so pọ̀ mọ́ èyí tí iná ń gbà wọlé. Kò sí ọ̀tá kankan níbẹ̀. Ọwọ́ òun ni. Ìjókòó kan náà ni ó sì fi so èkejì.

Ó pe ìyá rẹ̀. Fóònù ìyá ti kú, nítorí kò sí iná tí yóò fi ṣáàjì rẹ̀. Ó sáré wọ ọkọ̀. Ní gbogbo ọ̀nà ni ó ń gbàdúrà, àdúrà náà sì ti yàtọ̀: "Baba, má tíì jẹ́ kí iná dé. Jọ̀ọ́, má tíì dá àwọn ará lóhùn." Ẹni tó jókòó tì í gbọ́ ọ, ó sì sún kúrò díẹ̀, nítorí ta ni nínú wa tó ti gbọ́ ọ rí kí ènìyàn máa gbàdúrà pé kí iná má dé?

Ilé ìdáná ni ó ti bá ìyá, lẹ́sẹ̀ lásán lórí sìmẹ́ńtì tútù. Ìyá ti rí àwọn òṣìṣẹ́ iná lórí òpó láàárọ̀, ó sì ti múra sílẹ̀. Ó ti bu omi kún kẹ́tùlù, ó ti ki wáyà rẹ̀ bọ ara ògiri, ó ti tàn án. Ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ kan ara irin náà lóòrèkóòrè, bóyá ó ti ń gbóná.

Ọkùnrin náà fa wáyà yọ. Ó gbá kẹ́tùlù mọ́ àyà, omi dà sí i láṣọ.

Ìyá yíjú sí i. Ó ní, "Ohun tí mo fi ń yangàn ní gbogbo àdúgbò, ìwọ náà lo tún wá gbà á? O ò tilẹ̀ kí mi."

Ó ní, "Mo wá gbà á padà ni, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó padà."

Kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí ariwo fi sọ lójú títì pé iná ti dé. Gílóòbù tó wà lókè orí wọn tàn.  Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì yẹn, ó sì ń dúpẹ́.

Nígbà tó dìde, ó ṣí ọ̀nà olùkọ́ náà lórí fóònù, ó pè é, ó tọrọ àforíjì, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀kan pamọ́. Ó bi í pé kí ló dé tí kò kúkú ju kẹ́tùlù náà nù, nígbà tí òun ti tilẹ̀kùn mọ́ ọn. Olùkọ́ ní, "Bí mo bá jù ú sí ààtàn, àwọn tó ń ṣa irin á tún un tà fún ẹlòmíràn. Sálúbàtà rọ́bà ló yọ èmi. Mi ò mọ̀ bóyá ẹni tó máa kàn yóò wọ sálúbàtà." Ìyá gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Ìre tó sú fún obìnrin tí kò rí rí yìí, èyí tó sú nígbà tí kẹ́tùlù dé kò tó ìdajì rẹ̀. Ọkùnrin náà dá owó olùkọ́ padà. Ní ìpàdé tó tẹ̀lé e, ó sì ní kí àwọn ará bá òun dúpẹ́ lórí ẹni tí wọ́n bá òun lé.

Ìwọ tó ń gbọ́ mi, ṣé o rí i? Ohun tó bẹ̀ pé kó má padà ni Olúwa dá padà. Ohun tó bẹ̀ pé kó tètè padà ni Olúwa dá dúró. Ọpẹ́ ni fún Ẹni tí kì í ṣe gbogbo àmín wa ni Ó ń gbà.

Èmi kò sọ pé gbogbo oníbàárà ló jẹ́ olóòótọ́. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé wọ́n á wọ aṣọ lọ síbi ìnáwó, wọ́n á jó nínú rẹ̀, kí wọ́n tó wá ní kò bá àwọn lára mu. Yẹ ọjà rẹ wò dáadáa kí o tó gbà á. Ṣùgbọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kí o tó bínú pẹ̀lú. Ẹni tó mú àléébù iṣẹ́ rẹ padà wá bá ọ lè jẹ́ ẹni tí a rán láti gba ẹ̀jẹ̀ kúrò lọ́rùn rẹ.

Àti ìwọ fúnra rẹ, ǹjẹ́ o gbàgbé? Ọjà àlòkù ni ọ́. Ayé lò ọ́, ó ha ọ́ lára, ó sì jù ọ́ síta. Nígbà tí o padà dé ilé Baba, kò sí ohun tí a kọ sẹ́nu ọ̀nà pé èyí tó ti jáde kì í padà. Ó gbà ọ́ bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú gbogbo àbùkù rẹ, inú Rẹ̀ sì dùn.

Nítorí náà, mo bẹ̀ ọ́, gbé fóònù yẹn báyìí. Pa gbólóhùn yẹn rẹ́ lábẹ́ àwọn fọ́tò rẹ. Oníbàárà tí o dínà rẹ̀, ṣí i fún un. Àdúrà lè dúró díẹ̀. Kọ́kọ́ bi í ná: kí ló ń ṣe ọjà náà?