Àmì Mẹ́ta ní Ìyẹ́ Ẹ̀yìn

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹ sún mọ́ra kí ẹni tó wà lẹ́yìn lè gbọ́, kí ẹni tó ń jẹ àgbàdo sì rọra máa jẹ ẹ́, nítorí ariwo eyín kò bá ìtàn mi mu. Èmi ni Ọdẹ́níyì. N kì í ṣe ọdẹ tó pa ọ̀kẹ́rẹ́ tó délé tó ní ẹfọ̀n ni. Ṣùgbọ́n ìtàn òní kì í ṣe tèmi. Ti Ọdẹ́rìndé ni, bàbá tó bí Ọdẹ́jídé bàbá mi, ọmọ a-fi-ìwo-ẹfọ̀n-bu-omi-mu, ọmọ a-tẹ-koríko-mọ́lẹ̀-kí-ìrì-tó-gbẹ, ọmọ ọkùnrin tí ẹkùn pàdé lọ́nà oko tó yà fún un. Bí mo bá parọ́, ẹ dá mi dúró. Bí mo bá bù sí i díẹ̀, ẹ jẹ́ kó lọ, iyọ̀ ni.

Ojú Ọdẹ́rìndé kò ní ẹlẹ́gbẹ́ nígbà ayé rẹ̀. Á dúró lórí àpáta, á sọ fún ọ bóyá akọ ni ẹtu tó ń jẹko ní òdìkejì odò tàbí abo. Ṣùgbọ́n nígbà tí ogbó dé, ojú náà di ti ọ̀nà jíjìn nìkan, ohun tó bá sún mọ́ ọn a máa ṣú. Ó ń rí ẹtu lókè odò, kò rí egungun ẹja nínú ọbẹ̀ tirẹ̀. Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ ló máa ń bá a yọ egungun náà.

Àwẹ̀ró yìí, ẹlẹ́kọ ni, ó kọ pélé mẹ́ta ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan, kì í sì í kánjú. Ọjọ́ tí iná mú abà wọn, tí gbogbo ènìyàn sá jáde, ó pọ́n ẹ̀kọ mẹ́fà tó kù tán kó tó gbé igbá rẹ̀. Ogójì ọdún ni ọkọ rẹ̀ fi ń bi í pé, “Àwẹ̀ró, ṣé ìgbín ni wọ́n fi tọ́ ọ lẹ́nu lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ ni?” Òun náà á dá a lóhùn pé ohun tí a bá rọra mú kì í bàjẹ́, á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Àwẹ̀ró lọ já ewé ẹ̀kọ ní etí Igbó Ayáwọ̀, igbó tí ohun gbogbo ti ń yá àwọ̀ ohun mìíràn wọ̀. Ọ̀sán pọ́n, kò dé. Ọdẹ́rìndé wá a lọ, ó bá ewé nílẹ̀, okùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sì rí ipasẹ̀ kankan tó kọjú sílé. Ẹ̀rù bà á. Mo wí i, mi ò sì kó ọ̀rọ̀ jẹ, ẹ̀rù ba ọdẹ.

Ó wọ igbó náà. Ó kọjá lọ́dọ̀ Abikùn-bí-àmù, iwin tó ń mu odò kan tán láàárọ̀ tó ń tọ̀ ọ́ padà nírọ̀lẹ́. Ó kọjá lọ́dọ̀ Onírùngbọ̀n-koríko, tí ewúrẹ́ mẹ́ta ń jẹ̀ lágbọ̀n rẹ̀. Ó bá Ẹlẹ́sẹ̀-kan-àbọ̀ níbi tó ti ń wá àbọ̀ yòókù, ó sì kí i, nítorí ẹ̀kọ́ ilé. Nígbẹ̀yìn ó dé ọ̀dọ̀ Abìyẹ́-bí-ìlẹ̀kùn, ọba wọn, tó jókòó sórí gbòǹgbò igi tó ń fi ìyẹ́ fẹ́ ara rẹ̀.

Iwin náà ní, “Arúgbó, ìyàwó rẹ lo ń wá? Ó tẹ ọmọ mi kan mọ́lẹ̀ nídìí ewé, mo sì sọ ọ́ di labalábá láàárín àwọn ọmọ mi yòókù. Mú un, bí o bá mọ̀ ọ́n. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wàá nawọ́. Bí o bá mú ọmọ mi dípò rẹ̀, ìwọ náà á hu ìyẹ́, ẹ̀yin méjèèjì kò sì ní délé mọ́.”

Ọdẹ́rìndé ní, “Labalábá fi ara rẹ̀ wẹ́yẹ, kò lè ṣe ìṣe ẹyẹ. Ìwọ tí òjò kan lè lẹ̀ mọ́lẹ̀, èmi lo ń halẹ̀ mọ́? Kó wọn jáde.”

Ó kó wọn jáde lóòótọ́. Igba labalábá bo pápá, gbogbo wọn pupa bí epo, gbogbo wọn dúdú ní ṣóńṣó ìyẹ́ iwájú, funfun sì dábùú dúdú náà. Ẹni tó bá wò wọ́n á ní ìyá kan ló bí wọn.

Ọdẹ́rìndé wá ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa tó ti ilé onílà wá ì bá ṣe: ojú ló ti wá pélé ìyàwó rẹ̀. Ó gbé ojú sún mọ́ orí labalábá kan, orí tí kò tó hóró ọkà bàbà, kò rí nǹkan kan àfi pupa tó ń ṣú. Ibẹ̀ ni ọ̀kan ti sáré fò wá, ó bà lé èjìká rẹ̀, ó ń fi ìyẹ́ pa á lára. Ọkàn ọdẹ fò sókè, ó ti gbé ọwọ́, kó tó bi ara rẹ̀ léèrè pé: Àwẹ̀ró? Kó sáré? Ọjọ́ ìyàwó pàápàá, ilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣú kó tó dé ẹnu ọ̀nà. Ó sọ ọwọ́ kalẹ̀.

Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ọdẹ́rìndé fi ẹ̀yìn rìn ní ogún ẹsẹ̀, títí ó fi dé ibi tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe ojú. Iwin rẹ́rìn-ín, ó ní, “O ti ń sá?”

Ẹyẹ kan kọjá lókè, àwọn labalábá tú ká wọ inú ewé. Méjì péré ló ṣẹ́ kù, wọ́n ń rọra fò kiri. Ọdẹ́rìndé mọ ìdí rẹ̀, nítorí gbogbo ọdẹ ló mọ̀ pé labalábá pupa kan wà tó korò. Ẹyẹ tó bá tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan á nu ẹnu mọ́ ẹ̀ka, kò ní padà sídìí rẹ̀, òun náà kì í sì í sá fún ẹnikẹ́ni, bí Àwẹ̀ró kì í ti í kánjú. Àwọn yòókù kàn yá aṣọ rẹ̀ wọ̀ ni. Ṣùgbọ́n méjì kì í ṣe ọ̀kan, ọmọ iwin kan gbọ́n tó láti yá ìrìn mọ́ aṣọ.

Ó wo ìyẹ́ iwájú wọn, bákan náà ni. Ó wo ìyẹ́ ẹ̀yìn. Ti èkíní ní àmì dúdú kan ṣoṣo nítòsí etí òkè. Ti èkejì, ení, èjì, ẹ̀ta, láàárín ìyẹ́ gan-an. Ó wo ìyẹ́ kejì, ení, èjì, ẹ̀ta. Iwin lè yí àwọ̀ padà, kò lè pa ilà tí olóòlà kọ rẹ́. Ó kàn gbé e kúrò lójú lọ sẹ́yìn ni.

Ọdẹ́rìndé kò ṣẹ́jú. Bí ó ti ń sún mọ́ ọn ni àmì náà ń ṣú lójú rẹ̀, ó sì ń kà á lẹ́nu bí ó ti ń lọ kí ó má baà ṣì í mú. Ó na ìka méjì, ó rọra mú un.

Àwẹ̀ró dìde níwájú rẹ̀, ó gbọn ìyẹ̀fun pupa kúrò lára ìró. Abìyẹ́-bí-ìlẹ̀kùn pa ìyẹ́ dé bí ẹni tí ọjà tú mọ́ lórí, ó ní, “Ta ló fi hàn ọ́?”

“Olóòlà ilé bàbá rẹ̀ ni,” Ọdẹ́rìndé dá a lóhùn.

Àwẹ̀ró wo ọkọ rẹ̀ títí, ó ní, “Bàbá Ọdẹ́jídé, ewé mi dà?”

“Ó wà létí igbó.”

“Ṣé ẹ dì í?”

Kò dì í. Wọ́n padà síbẹ̀, Ọdẹ́rìndé dúró ti ìyàwó rẹ̀ títí ó fi ká ewé náà lọ́kọ̀ọ̀kan tó dì í tán, ó sì bá a rù ú dé ilé. Nírọ̀lẹ́, Àwẹ̀ró gbé ọbẹ̀ ẹja síwájú ọkọ, ó jókòó, ó ń yọ egungun. Ọbẹ̀ ti tutù kó tó yọ ọ́ tán. Ọdẹ́rìndé jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, ó dùn mọ́ ọn, kò sì bèèrè ọ̀rọ̀ ìgbín mọ́ títí tó fi kú.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, ẹ má fi aṣọ iwájú pe ẹnikẹ́ni lórúkọ. Ẹ wo ìyẹ́ ẹ̀yìn kí ẹ tó nawọ́. Ẹ̀yin tọkọtaya, ohun tí ẹ ń kùn sí lára ara yín yẹn, ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ó lè jẹ́ òun náà ni ẹ máa fi dá ara yín mọ̀ lọ́jọ́ kan. Ó tó, ẹ dìde, ẹ máa relé, ẹ sì rọra rìn.