Olùkọ́ Tó Ń Ṣí Òjò Wò

Ọkùnrin kan wà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, àmọ́ ara rẹ̀ máa ń fu ṣáá. Bí ọmọ bá gba máàkì tó pọ̀, a jẹ́ pé ó jíwèé wò nìyẹn. Bí ọmọ bá kí i jù, ó ní nǹkan tó ń fi pa mọ́. Ìfura loògùn àgbà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí ti sọ oògùn di oúnjẹ.

Lọ́dún kan, wọ́n ní kí ilé ìwé kọ̀ọ̀kan mú ọmọ kan wá síbi ìdíje, kó wá fi hàn bí omi ṣe ń gòkè láti ilẹ̀ tó sì ń padà wálẹ̀ bí òjò. Ẹni tó bá borí yóò kàwé lọ́fẹ̀ẹ́ dé ìparí. Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì náà tí ìyá rẹ̀ ń ta ẹja. Ìyá ti sọ fún un pé lọ́dún tó ń bọ̀, ìdí ẹja yíyan ni yóò jókòó sí, àfi bó bá borí.

Ọmọ náà bu omi iyọ̀ sínú bàsíà, ó gbé ife òfìfo sí àárín rẹ̀, ó fi ọ̀rá tó mọ́ gaara bo gbogbo rẹ̀, ó sì fi rọ́bà dè é típẹ́. Ó gbé òkúta kékeré lé orí ọ̀rá náà, kó lè tẹ̀ sísàlẹ̀ síbi tí ife wà. Oòrùn mú un. Nígbà tó ṣe, omi ti ń kán sínú ife, wọ́n tọ́ ọ wò, kò níyọ̀. Àwọn ọmọ pariwo pé òjò ti rọ̀.

Olùkọ́ kò pariwo. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé ilé lọmọ yìí ti bu omi síbẹ̀. Ó da ife náà nù.

"Lọ́la, iwájú ọ́fíìsì mi lo ó gbé e sí. Bó bá rọ̀ lójú mi kí a tó jáde, ìwọ lò ń lọ."

Lọ́jọ́ kejì, ó jókòó sí ojú fèrèsé, ó ń ṣọ́ bàsíà bí ẹni ń ṣọ́ olè. Kò pẹ́ tí ara rẹ̀ fi fu. Ó jáde, ó ṣí ọ̀rá, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo inú rẹ̀. Ooru omi fẹ́ sí i lójú, awò ojú rẹ̀ ṣú. Ó fi etí aṣọ nù ún, ó wo ife: ó gbẹ. Ó dé e padà. Láìpẹ́ ó tún ṣí i.

Ọmọ náà kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kó wà ní dídé. Bí ẹ bá ń ṣí i, kò ní lè rọ̀."

"Kí ló wà níbẹ̀ tójú mi ò gbọdọ̀ tó?"

Láti ìgbà náà ló wá ń ṣí i lemọ́lemọ́. Nígbà tó di ọ̀sán, ó fi orúkọ ọmọ mìíràn ránṣẹ́, ọmọ tó kun ìkùukùu sórí páálí. Nígbà tí wọ́n lu agogo àtilọ ilé, ó pe ọ̀gá àgbà ilé ìwé, ó ká ọ̀rá náà sókè.

"Ẹ fojú yín rí i, mà. Ife gbẹ táútáú." Bó ṣe ń sọ ọ́ ló yọ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún.

Obìnrin náà nawọ́ sí awò náà. "Ọ̀gbẹ́ni, omi tí ẹ ń nù lára awò yín yẹn, níbo ló ti wá?"

Ọkùnrin náà wo omi tó wà lára awò náà, ó wá yé e. Ó pe àwọn tó ń ṣètò ìdíje, wọ́n ní àwọn ti ti orúkọ pa. Ó lọ bẹ ìyá ọmọ. Ìyá ní, "A ti gbọ́, sà," ó sì ń yí ẹja rẹ̀ lórí iná. Ọmọ náà kúnlẹ̀ kí i, kò gbójú sókè. Ó dun olùkọ́ náà gan-an, ṣùgbọ́n ìyẹn kò dá ọmọ padà sí kíláàsì.

Ìwọ tí o wá bá mi nítorí ìyàwó rẹ, o ní kò bá ọ rẹ́rìn-ín mọ́, kò sì sọ tinú rẹ̀ fún ọ mọ́, o ní ohun tó jẹ́ kó dá ọ lójú pé ó ní àlè nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ò ń tú fóònù rẹ̀, ò ń rán èèyàn lọ ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ò ń gbóòórùn aṣọ rẹ̀ bó bá wọlé. Ọwọ́ ara rẹ lo fi ń lé òjò, o wá ń pe ọ̀dá ní ẹlẹ́rìí. Máa lọ sílé. Bó bá ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù nígbà tí o bá dé, kí i, kí o sì lọ jẹun rẹ.